Fóònù Tí A Tì Kò Yẹ Ará Àjò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n ní Sabon Gari àti ní gbogbo àdúgbò tí a fọ́n ká sí ní ìlú Kánò yìí, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san. A ti sọ ìyẹn títí ẹnu wa fi kan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ń pẹ́ dé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí ni ó kan akọ̀wé ẹgbẹ́ nínú irú fóònù tí òun ń rà. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, ẹ óò rí i pé ó kàn wá gbangba.

Ní ayé àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí Òkè Ọya, ìròyìn ilé kì í tètè dé. Ní ọdún 1912 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá so mọ́ ti Kánò, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú irin tàbí ọwọ́ awakọ̀ akẹ́rù ni ìwé ń gbà wá. Ẹlòmíràn a kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀ffà, wọn a sin ín, wọn a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ ní Kánò tó gbọ́. Nígbà tí fóònù alágbèéká tí ń lo síìmù dé sí ilẹ̀ wa ní ọdún 2001, inú wa dùn, nítorí pé ìyà àìgbọ́ ìròyìn ti dópin. Lónìí, kò sí ilé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò ní fóònù. Òun ni a fi ń gbọ́ ohùn ìyá, òun ni a fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé, òun ni a sì fi ń bèèrè bóyá ọ̀nà dára kí a tó gbéra. Ṣùgbọ́n fóònù tí ó ń sọ̀rọ̀ ní Kánò, tí ó sì ya odi nígbà tí a bá ré ẹnu ibodè kọjá, kí ni ó ṣe fún ará àjò?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa gan-an ni a jìn sí kòtò yìí, a kò sì ní fi pamọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tí a ń múra láti lọ ra aṣọ ní Kútọnu, a ra fóònù ńlá kan ní ọjà ìlú yìí. Ẹni tí ó tà á ní wọ́n lò ó díẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni. Ó dán, ó fẹ̀, àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó fi síìmù wa sí i, ó pè, ó dún, a sì san owó. Kò sọ fún wa pé òun ti fi pátákó tínńrín kan, tí kò nípọn ju èékánná lọ, sí abẹ́ síìmù náà láti fi tan fóònù náà jẹ. Àwa náà kò bèèrè. Àwa tí a ń ta aṣọ, tí a máa ń na aṣọ sí oòrùn, tí a máa ń fa owú rẹ̀ yọ wò kí a tó rà á, a ra fóònù láìbèèrè ohun kan.

A dé Kútọnu ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ra síìmù níbẹ̀, a fi í sí i, fóònù náà kọ̀ ọ́. A dá síìmù wa ti ilé padà, ó kọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí pé pátákó tínńrín náà ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. A ní kò burú, ọjọ́ mẹ́rin péré ni, ọjà ni a bá wá. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà ni àìsàn gbé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin dè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó tọ́ wa láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ. Wọ́n pè wá, wọ́n pè wá, wọn kò rí wa. Nígbà tí a padà dé Èkó ní ọjọ́ Sátidé, tí a tọrọ fóònù lọ́wọ́ oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wa kan láti pe ilé, wọ́n ti sin ín ní ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní ó bèèrè wa lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ti gbọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni, a óò fi ọjà sílẹ̀, a óò sì bá a lójú ayé. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ǹjẹ́ kí ni a ń pè ní fóònù tí a tì, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní lọ́ọ̀kì? Kì í ṣe nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ kí ojú fóònù tó ṣí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa fún ènìyàn ní fóònù, kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kí oníbàárà má baà gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí gbèsè tó tán, wọ́n tì í mọ́ síìmù tiwọn nìkan. Ó dà bí ẹni tí ó gba Adaidaita Sahu ní àwìn, tí ẹni tí ó ni ín sì sọ fún un pé títí gbèsè yóò fi tán, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ náà gbọdọ̀ máa ná. Kò sí ohun tí ó burú nínú àdéhùn yẹn láàárín àwọn méjèèjì. Ibi tí ó ti di tiwa ni ìgbà tí ọmọ wa bá gbé fóònù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, tàbí tí ẹni tí kò san gbèsè bá tà á, tí ó sì gba Dùbáì tàbí Èkó dé ọwọ́ wa ní Kánò.

Òfin ilẹ̀ òkèèrè ti ran ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 tí ó fún ẹni tí ó ni fóònù láyè láti ṣí i kí ó lè lò ó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Ní Kánádà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ ta fóònù tuntun ní títì. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ti ka irú títà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ra fóònù tuntun lónìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣíṣí ni yóò bá a. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tà ṣáájú ìgbà náà lè wà ní títì síbẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Ní ti àwọn tí wọ́n ń tà ní tuntun ní ilé ìtajà tiwa, bíi Tecno, Infinix àti itel, wọn kò tì wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, ojú síìmù méjì ni púpọ̀ nínú wọn sì ní.

Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe mọ èyí tí ó ṣí? Ẹ gbọ́ bí àwa ti ń ṣe é nísinsìnyí.

Èkíní, ẹ mú síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pe ènìyàn, kí ẹ sì fi ṣí dátà. Èyí tí ó bá gba ọ̀kan tí ó kọ èkejì, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Èkejì, ẹ fa àwo síìmù náà jáde fúnra yín, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí pátákó tínńrín kankan lábẹ́ síìmù, a ti tan fóònù náà jẹ, wọn kò ṣí i. Ní ọjọ́ tí fóònù bá tún ara rẹ̀ ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ẹ bá yí síìmù padà, ó lè tì padà.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ wọ General, ẹ wọ About, kí ẹ wá ibi tí a kọ Carrier Lock sí. Bí ó bá kọ No SIM restrictions, ó ṣí. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kà, kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oníga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò jáde, òun ni orúkọ àbísọ fóònù náà. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ fi pamọ́ sílé. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí tí a kọ sára páálí rẹ̀, ẹ bèèrè ìdí. Kí ẹ sì rí i pé ẹni tí ó tà á ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, nítorí pé títì tí Apple tàbí Google ń ti fóònù mọ́ orúkọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun náà sì lè sọ fóònù di òkúta lọ́wọ́ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí fóònù ṣí nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní etí tí ó lè gbọ́ ohùn ilẹ̀ tí a ń lọ. Àwọn tí ó bá rántí rédíò àtijọ́ yóò mọ̀ pé bí rédíò kò bá ní ìgbì tí iléeṣẹ́ kan ń lò, bí a bá yí i títí di ọ̀la, a kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù rí. Ní ilẹ̀ wa, 900 àti 1800 MHz ni ìpè àtijọ́ ń gbà, 2100 MHz ni 3G ń gbà, ti 4G sì wà lórí 700, 800, 1800 àti 2600 MHz. Fóònù mìíràn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ti olówó ńlá ṣùgbọ́n tí dátà rẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Ẹ ní kí ọmọ yín ka àwọn nọ́ńbà yìí lára ìwé fóònù náà kí ó tó rà á.

Èyí tí ó dojú kọ Amẹ́ríkà láti ọ̀dọ̀ wa náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2022 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀ pa 3G wọn. Nítorí náà, ìyá tí ó ń lọ gbé ọmọ jòjòló fún ọmọ rẹ̀, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì tí ó ń lò ní ọjà. Fóònù tí ó lè pe ènìyàn lórí 4G ni yóò wúlò fún un níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú síìmù kù. Ará àjò nílò méjì. Ọ̀kan fún síìmù ilé, kí ọ̀rọ̀ láti báǹkì lè máa dé, kí àwọn ará ilé sì lè rí wa. Èkejì fún síìmù ilẹ̀ tí a lọ. Àwọn iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti orí 14, tí ó jáde ní ọdún 2022, kò ní ojú síìmù rárá. eSIM ni wọ́n ń lò, èyí tí a ń kọ sínú fóònù láìsí ohun tí a fi ọwọ́ mú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ óò kàn rà lọ́wọ́ ọmọ tí ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Ẹni tí ó ń ná Màrádì tàbí Kútọnu, tí ó ń ra síìmù lẹ́bàá ọ̀nà, irú fóònù bẹ́ẹ̀ yóò dà á láàmú. Àwa kò sọ pé kò dára. A sọ pé kò bá ìrìn wa mu.

Ní ti dátà, ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń jò. Bí a bá gbé síìmù ilé kọjá ibodè tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò, èyí ni wọ́n ń pè ní roaming. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí a ń san nílé. Gbígba ìpè pàápàá lè jẹ owó. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì pa Data roaming nínú fóònù. Ẹ fi síìmù ilé sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ báǹkì, kí ẹ ra síìmù ilẹ̀ náà fún dátà. Ẹ sọ fún WhatsApp kí ó má máa fa àwòrán àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀, nítorí pé fídíò ìgbéyàwó ẹni tí a kò mọ̀ ni ó máa ń jẹ dátà arìnrìn-àjò tán.

Ẹ̀yin tí ń lọ sí Hájì àti Úmúrà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní Sáúdí Arébíà, ìwé ìrìnnà àti ìka ọwọ́ títẹ̀ ni a fi ń gba síìmù, nítorí náà kí olúkúlùkù gba tirẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Àyè láti wọ Ráódà ní mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mọ̀dínà, orí fóònù, nínú Nusuk, ni a ti ń gbà á nísinsìnyí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba síìmù ibẹ̀ yóò máa tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn kiri. Bí àgbàlagbà kan bá sì ṣìnà nínú èrò Mínà, kí ni a óò fi pè é?

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń lọ sí Dùbáì, ìpè orí WhatsApp kì í lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń lọ. Ní Ṣáínà, ìjọba ibẹ̀ dí WhatsApp àti Google lọ́nà. WeChat ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Ẹ bá ìyàwó àti ọmọ sọ ọ́ nílé kí ẹ tó lọ, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan ti ṣe yín.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ẹ̀bùn ọmọ ni, a kì í fi ojú wo eyín ẹṣin tí a fi tọrẹ. Àwa náà ní ọmọ, a kò sì ní kí ẹ kọ ẹ̀bùn. A ní kí ẹ sọ fún ọmọ kí ó tó náwó. Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilẹ̀ òtútù láti ra fóònù fún baba rẹ̀ kò fẹ́ kí baba fi í sínú àpótí. Àwọn mìíràn yóò ní fóònù ńlá ni iyì, pé bí a bá gbé fóònù kékeré jáde ní ibi ìnáwó, wọn óò fojú kéré wa. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: iyì wo ni ó wà nínú ohun tí ó dán lójú agbo, tí kò sì lè gbé ohùn ìyá wa wá nígbà tí ó ń pè wá? Fóònù tí kò wọ́n púpọ̀, tí ó ṣí, tí ó ní ojú síìmù méjì, tí iná rẹ̀ ń pẹ́, ó sàn fún wa ju èyí tí ó wọ́n tí a tì lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan sì wà tí wọ́n ń wí pé pátákó abẹ́ síìmù kò ní wàhálà, pé àwọn ń lò ó láti ọdún dé ọdún. Òótọ́ ni, nítorí pé Kánò ni wọ́n wà. Ilé ni wọ́n ti dán an wò. Àjò ni ó ń dán ènìyàn àti ohun ìní rẹ̀ wò.

Nítorí náà, a ní àbá kan fún ẹgbẹ́. Kí ìpàdé tí ó ṣáájú ìrìn-àjò Hájì, àti èyí tí ó ṣáájú ìgbà tí oníkálukú ń lọ sílé ní òpin ọdún, ní àyè fún yíyẹ fóònù wò. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ iṣẹ́ yìí ju àwa lọ. Kí ẹgbẹ́ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ méjì jókòó ti tábìlì, kí ẹni tí ó ń lọ sí àjò gbé fóònù rẹ̀ wá láìsan kọ́bọ̀. Èyí tí a bá rí pé a tì, kí a sọ fún olówó rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má ti í. Kí a sì kọ nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà alága àti ti akọ̀wé sórí páálí kékeré fún un kí ó fi sí àpò, nítorí pé fóònù tí ó ṣí pàápàá lè bọ́ sọnù.

Kí olúkúlùkù wa sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ tí ń bẹ lókè òkun, kí ó kà báyìí: "Bí o bá fẹ́ ra fóònù fún wa, ra èyí tí o ti san owó rẹ̀ tán, tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí ó tì í, tí ó ní ojú síìmù. Fi síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn dán an wò kí o tó fi ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn, kò sì ní bí ọmọ nínú.

A wà ní ìlú onílùú, a ń wá oúnjẹ òòjọ́ wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbà wá. Ṣùgbọ́n àjò kò lè dùn kí onílé má re ilé, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìpè ilé kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ti lọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a má jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn nínú wa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o. Kí ìpè tí yóò máa dé sórí fóònù wa jẹ́ ìpè ayọ̀. Ìpàdé tí ń bọ̀ yóò gbọ́ àbá yìí. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì gbé fóònù yín dání.

Akọ̀wé yín ni àwa ń jẹ́.